Àpótí Kan Tí N Kò Lè Kọ Nǹkan Sí

Ẹ̀yin ará, ẹ bá mi gbé Ọlọ́run ga! Ẹ ṣé. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jókòó. Àwọn tó mọ̀ mí mọ̀ pé n kì í sábà dìde sọ̀rọ̀ níbí. Ohun tí mo mọ̀ dájú nìkan ni n ó sọ. Èyí tí kò bá dá mi lójú, n ó sọ fún yín pé kò dá mi lójú.

Lẹ́yìn tí mo parí àgùnbánirọ̀, mo ríṣẹ́ sí ọ́fíìsì àwọn ẹnjiníà kan ní Òkè-Fìà. Iṣẹ́ àkọ́kọ́ tí ọ̀gá gbé fún mi wá láti abúlé wa gan-an, lẹ́bàá Ìwàráàjà. Àwọn àgbẹ̀ kòkó ibẹ̀ ti dá owó jọ láti ra ẹ̀rọ tó ń mú kòkó gbẹ, kí òjò má bàa máa bà á jẹ́ níbi tí wọ́n sá a sí. Ẹ̀rọ méjì ni wọ́n ń wò: ńlá kan tó ń lo dísẹ́ẹ̀lì, àti kékeré kan tó ń lo oòrùn. Bàbá mi wà lára wọn. Òun ló sọ fún wọn pé, "Ọmọ mi wà ní ọ́fíìsì yẹn, kò ní jẹ́ kí á ṣìnà." Wọn kò ní owó mìíràn. Bí wọ́n bá ra èyí tí kò yẹ, ó parí nìyẹn.

Ọ̀gá ní kí n ṣe ìṣirò náà lórí kọ̀ǹpútà, lórí Ẹ̀sẹ́ẹ̀lì, ètò tó ń to nọ́ńbà sínú àpótí-àpótí, kí n fi hàn wọ́n èwo nínú ẹ̀rọ méjèèjì ni yóò dá owó wọn padà, kí n sì gbé e lọ sí ìpàdé wọn lọ́jọ́ Sátidé.

N kò mọ Ẹ̀sẹ́ẹ̀lì. Ní yunifásítì, bíírò àti kakulétọ̀ ni mo fi ń ṣírò. Bí ó bá kan kọ̀ǹpútà, a ó gbé e fún àwọn tó ń tẹ ìwé lẹ́nu géètì. Mo sọ bẹ́ẹ̀ fún ọ̀gá.

Ó wò mí. "Ẹnjiníà, ṣé àwọn tó ń tẹ ìwé yẹn ni kí n lọ gbà síṣẹ́?"

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ọ fúnra mi. Ẹ má rẹ́rìn-ín o: kakulétọ̀ ni mo kọ́kọ́ fi ń ṣírò, n ó wá tẹ ìdáhùn rẹ̀ sínú àpótí tó wà lójú kọ̀ǹpútà. Bí mo bá yí nọ́ńbà kan padà, gbogbo ìyókù á dúró gbagidi. Ó pẹ́ kí ó tó yé mi pé àpótí kan lè máa wo òmíràn, kí ó sì ṣe ìṣirò náà fúnra rẹ̀.

Mo wá dé orí àpótí kan: kòkó tí wọn yóò ká lọ́dọọdún, láti ìsinsìnyí lọ. Mo pe bàbá mi.

"Ẹ kú iṣẹ́, bàbá. Àpò mélòó lẹ rò pé ẹ ó rí lọ́dún tó ń bọ̀?"

Ó ní, "Èyí tó wà lórí igi?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, bàbá."

"Ìwọ ọmọ yìí. Ta ló ń ka kòkó tí Ọlọ́run kò tíì fún un? Ṣé o gbọ́ ọ rí lẹ́nu mi?"

N kò gbọ́ ọ rí. Ní abúlé wa, wọn kì í dá iye lé kòkó tí wọn kò tíì ká. Mo pe àgbẹ̀ mìíràn, ó ní, "Sọ fún ọ̀gá rẹ pé yóò pọ̀." Ẹ̀yin ará, kọ̀ǹpútà kò lè fi "yóò pọ̀" ṣe ìṣirò.

Orí àpótí yẹn ni gbogbo rẹ̀ dúró lé. Bí mo bá fi irọ́ sí i, owó àwọn bàbá mi ni mo fi ń ṣeré. Mo kúnlẹ̀. N kò gbọ́ ohùn kankan. Mo ní, "Ọlọ́run, n kò mọ̀," mo sì kàn kúnlẹ̀ síbẹ̀ ni. Nígbà tí a pàdé fún àdúrà láàárín ọ̀sẹ̀, orin kò jáde lẹ́nu mi. Arábìnrin Bùsáyọ̀, tó jókòó sọ́hùn-ún yẹn, bi mí ohun tó ṣe mí. Iṣẹ́ àkáǹtì ni wọ́n ń ṣe ní Alékùwódò. Wọ́n ní kí n gbé kọ̀ǹpútà mi wá.

Wọ́n wo àpótí tó ṣófo náà, wọ́n wo ojú mi. "Ẹnjiníà, ìgbà wo lo di wòlíì?"

"Kò yé mi, mà."

"O fẹ́ sọ ohun tí yóò ṣẹlẹ̀. Ta ló ní kí o sọ ọ́? Fi nọ́ńbà kan síbẹ̀, èyíkéyìí. Jẹ́ kí ìṣirò yòókù máa wo àpótí yẹn. Ó yá, dín in kù."

Mo dín in kù. Gbogbo ojú ìwé náà yí padà.

"Tún dín in kù. Ìbéèrè rẹ ni pé, kòkó yóò kéré dé ibo kí ẹ̀rọ náà tó di gbèsè sí wọn lọ́rùn? Lọ bi wọ́n léèrè ọdún tó burú jù. Ìyẹn ti kọjá, wọ́n lè kà á."

Lọ́jọ́ Sátidé, mo bi àwọn àgbẹ̀ léèrè ọdún náà. Ẹ̀rọ ńlá ni ọkàn wọn wà lára rẹ̀, kò sì sẹ́ni tó fẹ́ rántí ọdún tí òjò ba kòkó jẹ́. Bàbá mi ló dìde. Ó dárúkọ ọdún náà, ó sọ iye àpò tí wọ́n rí. Ó wá kọjú sí mi: "Ọdún yẹn ni o kò lọ síléèwé fún odidi sáà kan. Mo sọ fún ọ pé ara rẹ kò tíì yá tó; owó iléèwé ni kò sí."

Mo tẹ nọ́ńbà náà síbẹ̀ lójú gbogbo wọn. Ìlà ẹ̀rọ ńlá pọ́n, ó fi hàn pé owó dísẹ́ẹ̀lì yóò sọ wọ́n di onígbèsè. Ti kékeré dúró, díẹ̀ báyìí ló fi yè é.

Bàbá mi wò ó títí. Ó ní, "Kékeré ni kí á rà."

Òun náà ni wọ́n rà. Ó wà ní abúlé báyìí, kòkó wà nínú rẹ̀. N kò lè sọ fún yín pé ọdún tó burú kò ní wá mọ́, n kò mọ̀. Ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé bí ó bá dé, kò ní lé ọmọ kankan kúrò níléèwé nítorí ẹ̀rọ tí mo fọwọ́ sí.

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Arábìnrin Bùsáyọ̀, ẹ ṣé, mà. Ìwọ tí ohun kan ṣófo níwájú rẹ tí o kò mọ ohun tí wàá kọ sí i, má fi irọ́ dí i. Sọ pé o kò mọ̀. Lórí eékún mi, èmi kò ní ọ̀rọ̀ mìíràn láti sọ, Ọlọ́run sì gbọ́ ọ. Ẹ bá mi yìn ín.