Ọkọ Mi Tí Wọn Ò Kà Mọ́ Aláìríṣẹ́

Ẹ̀gbọ́n, ẹ má tíì gbé oúnjẹ fún mi, oúnjẹ kọ́ ló gbé mi láti Gunsan wá sí Mokpo níbí láàárọ̀ yìí, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ tẹnu mi, torí mo mọ̀ pé àbúrò yín ti sọ tiẹ̀ fún yín, tàbí kò tiẹ̀ sọ nǹkan kan bó ṣe máa ń ṣe, ojú rẹ̀ nìkan lẹ wò tẹ́ ẹ fi mọ̀ pé ìyàwó rẹ̀ ti ṣẹ̀ ẹ́. Èmi kọ́ ni mo ṣẹ̀ ẹ́. Ọ̀jọ̀gbọ́n yẹn ni. Ẹ ò mọ̀ ọ́n, èmi náà ò mọ̀ ọ́n, mi ò rí i rí àfi lójú kọ̀ǹpútà, ọkùnrin pẹ̀lẹ́ kan báyìí tó máa ń mu omi kó tó sọ̀rọ̀, òun ló gbé ọ̀rọ̀ ilé mi síta láìbi mí.

Ẹ sún abọ́ ẹja wẹẹrẹ yẹn síbí, kí n máa bá yín já orí wọn. Ọwọ́ mi ò lè dúró lásán.

Ṣebí ẹ mọ̀ pé àbúrò yín, bàbá Da-on ọmọ wa, fúnra rẹ̀ ló ní kí n lọ kàwé. Ó ti tó ọgbọ̀n ọdún tí mo ti ń sọ ọ́ pé ká ní bàbá mi ò rán mi lọ síbi tí wọ́n ti ń rán aṣọ ni, èmi náà ì bá ti wọ yunifásítì. Ìgbà tí ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń ṣe ẹ̀yà ẹ́ńjìnnì ti ilẹ̀kùn pa, tí iṣẹ́ ọdún méjìlélógún bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ọdún yẹn gan-an ló forúkọ mi sílẹ̀ ní yunifásítì orí ayélujára. Ó gbé kọ̀ǹpútà sórí tábìlì ìjẹun. Ó ní, "Ìyá Da-on, máa kàwé tìẹ, èmi á máa fọ abọ́." Tí mo bá ti fọ ìkòkò ilé ìwé tí mo ti ń dáná tán ní aago mẹ́ta tí mo délé, màá bá ọ̀dùnkún sísun lẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ̀ǹpútà, yóò ti bó èèpo rẹ̀ kúrò. Irú ọkùnrin yẹn ni wọ́n ṣe báyìí fún.

Ẹ̀kọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ fún mi, ètò ọrọ̀ ajé gbogbo orílẹ̀-èdè ni. Èmi tó jẹ́ pé ìrẹsì tó lè bọ́ irinwó ọmọ yó ni mo mọ̀ ọ́n wọ̀n, ni wọ́n ń kọ́ ní ìdí tí ọjà fi ń wọ́n níbi gbogbo lẹ́ẹ̀kan náà, àti ohun tí báńkì àgbà ń ṣe sí i. Mo fẹ́ràn rẹ̀, Ẹ̀gbọ́n, mi ò ní purọ́ fún yín. Mo ti rò pé àwa nìkan ni ojú wa ń rí nǹkan, pé bóyá nǹkan kan la ṣe tí kò dáa. Àfi bí wọ́n ṣe fi ìlà kan hàn wá tó ń lọ sókè tó tún ń wá sílẹ̀, tí mo rí ọdún tiwa níbẹ̀ nísàlẹ̀ pátápátá, tí mo sọ fún ara mi pé àṣé kì í ṣe ẹ̀bi ẹnikẹ́ni nínú ilé wa.

Ọ̀sẹ̀ kẹfà la dé orí àìríṣẹ́ṣe. Ọ̀jọ̀gbọ́n ní ẹni tí kò níṣẹ́, àmọ́ tó wáṣẹ́ láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sẹ́yìn, òun ni wọ́n ń pè ní aláìríṣẹ́. Ẹni tí iṣẹ́ wíwá ti sú, tí kò wáṣẹ́ mọ́, wọn kì í kà á mọ́ wọn. Ó bọ́ síta nínú ìṣirò. Ó wá ní kí kálukú wa kọ nípa ẹnì kan tó mọ̀, kó sọ ibi tó yẹ kí wọ́n kà á sí.

Ta ni kí n kọ nípa rẹ̀? Ẹ sọ ọ́ fún mi. Ta ni mo mọ̀?

Mo kọ ọ́. Mi ò dárúkọ. Mo kọ ọ́ bó ṣe pa irun rẹ̀ láró dúdú nítorí ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò kan, tó jẹ́ pé ẹni tó wá ń bi í ní ìbéèrè kò ju Da-on wa lọ, tó ń bi í bóyá ó ṣì lè gbé ẹrù. Mo kọ ọ́ bó ṣe dé tí kò gòkè wá, tó jókòó sínú ọkọ̀ nísàlẹ̀ fún wákàtí kan gbáko, tí mo ń wò ó láti ojú fèrèsé àjà kọkànlá. Mo kọ ọ́ pé ní báyìí, ọ̀pá ìpẹja ló ń gbé jáde láràárọ̀ bó ṣe máa ń gbé àpò iṣẹ́ rẹ̀ tẹ́lẹ̀, pé kò wáṣẹ́ mọ́, pé ó ti jáwọ́, pé òun wà lára àwọn tí wọn ò kà.

Máàkì méjìdínlọ́gọ́rùn-ún ni wọ́n fún mi. Ẹ má wò mí bẹ́ẹ̀. Mi ò rí irú rẹ̀ rí láyé mi.

Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, mo tan ẹ̀kọ́ sílẹ̀, bàbá Da-on wà lẹ́yìn mi, ó ń fọ abọ́. Ọ̀jọ̀gbọ́n mu omi rẹ̀, ó ní òun fẹ́ ka ohun tí akẹ́kọ̀ọ́ kan kọ, obìnrin kan tó ń dáná nílé ìwé ní Gunsan. Ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kà á. Ṣé ó bi mí? Ṣé ó fi lẹ́tà ránṣẹ́ sí mi pé màdáámú, ẹ jọ̀ọ́, ṣé kí n kà á? Kí n tó mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀, ó ti kà á tán.

Àbúrò yín fọ abọ́ tó kù. Ó nu ọwọ́. Ó wá bi mí pé, "Ṣé òótọ́ ni? Wọn ò kà mí mọ́ àwọn tí kò níṣẹ́?" Mo ní bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyẹn, níbi gbogbo láyé ni, kì í ṣe èmi ni mo ṣòfin. Ó ní, "Mo rò pé ó kéré tán, mo wà níbẹ̀ yẹn."

Ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́, ó gbé ọ̀pá ìpẹja rẹ̀, ó jáde, kò padà wálé. Ẹ̀yin lẹ pè mí pé ọ̀dọ̀ yín ló wà.

Kí lẹ wí? Ṣé mo pa kọ̀ǹpútà? Rárá, mi ò pa á. Mo ní kí n tó mọ̀, ó ti kà á tán.

Ó dáa. Ẹ̀gbọ́n, ìka mi wà lórí bọ́tìnnì. Látìgbà tó ti dárúkọ Gunsan ni mo ti mọ̀ pé tèmi ni. Mo lè pa á. Mi ò pa á, torí ohùn rẹ̀ dùn, torí ọ̀rọ̀ mi dà bí ọ̀rọ̀ ẹni tó kàwé lẹ́nu rẹ̀, mo fẹ́ gbọ́ ọ dé ìparí. Mo gbọ́ tí omi ẹ̀rọ dákẹ́ lẹ́yìn mi. Mo mọ̀ pé ó ti dúró, pé ó ń gbọ́. Mo ṣì jẹ́ kó kà á.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún un sọ. Ibùdó tí wọ́n ti ń tún ọkọ̀ ojú omi ṣe? Láti oṣù kẹta? Gbogbo Ọjọ́bọ̀?

Ẹ ní ibí ló ń wá. Ẹ ní ó ń lọ bá wọn ní ẹnu ọ̀nà wọn níkọ̀ọ̀kan, ó ń bi wọ́n bóyá iṣẹ́ wà, tí wọ́n bá ti ní kò sí, yóò wá jẹun lọ́dọ̀ yín kó tó wọ bọ́ọ̀sì padà. Ẹja tó máa ń gbé wálé wá ńkọ́? Ẹ̀yin lẹ ń fún un? Mo ń dín ẹja yẹn, mo ń jẹ ẹ́, mo ń sọ fún un pé odò yẹn mà ń ṣojú rere sí i o.

Kí ló dé tẹ́ ẹ fi ọ̀rọ̀ náà pa mọ́ fún mi? Ó ní kẹ́ ẹ má sọ. Ó ní ojú mi máa ń tàn tóun bá ń lọ wáṣẹ́, òun ò lè wo bó ṣe ń padà ṣú mọ́ tóun bá dé lọ́wọ́ òfo.

Láti oṣù kẹta, Ẹ̀gbọ́n. Orí tábìlì kan náà la jọ ń jẹun. Mi ò bi í léèrè lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo pé níbo lo lọ lónìí. Mo ti mọ ibi tó wà, mo ti kọ ọ́ sílẹ̀, wọ́n ti fún mi ní máàkì lé e lórí.

Rárá, ẹ má pè é. Tó bá jẹ́ pé iṣẹ́ ló lọ wá láti àárọ̀, ẹ jẹ́ kó wá a. Màá kọ̀wé sí ọ̀jọ̀gbọ́n yẹn pé irọ́ ni mo kọ, kó gba máàkì rẹ̀ padà. Àmọ́ ìyẹn ò le. Èyí tó le ni mo fẹ́ bẹ̀ yín. Tó bá wọlé, ẹ má bá mi bẹ̀ ẹ́. Ẹ má sọ fún un pé mo ti sunkún níbí. Ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n la ti fẹ́ra, kò jágbe mọ́ mi rí, abọ́ ló máa ń fọ̀. Ẹ bá mi kó gbogbo abọ́ ilé yìí pa mọ́, kó má rí nǹkan kan fọ̀. Ẹ sọ fún un pé mo ní kó jágbe mọ́ mi.