Kì í Ṣe Ọ̀bẹ Dókítà

"Ẹ dá àdúà yẹn dúró ná!" Báyìí ni Abdulhaleem ṣe já wọlé Bàṣírù, ọ̀rẹ́ rẹ̀, l'Ókè-Oyì, lọ́sàn-án Jímọ̀. Àwọn àfáà tó wá ṣàdúà fún Bàṣírù tó ń ṣàìsàn yíjú padà. "Òótọ́ kan wà lọ́rùn mi. Òní ni mo fẹ́ sọ ọ́, ẹni tó bá fẹ́ bínú kó bínú."

Ta ni kò mọ̀ pé wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ pirositéètì, ẹ̀yà ara tó máa ń wú dí ìtọ̀ ọkùnrin, fún Abdulhaleem lọ́dún tó kọjá? Dókítà kìlọ̀ fún un yékéyéké pé kò gbọdọ̀ gbé ohun tó wúwo, torí ìpá lè tẹ̀lé irú iṣẹ́ abẹ bẹ́ẹ̀. Bó bá rí ohun tó wú lábẹ́ ikùn, kó tètè padà wá. Ọ̀sẹ̀ márùn-ún kò tíì pé tí Iléyá fi dé. Àwọn aláhesọ sì ti ń sọ pé ẹni tí wọ́n bá ṣe é fún kì í ṣe ọkùnrin mọ́. Họ́wù! Òun tó máa ń dá nìkan gbé àgbò ṣánlẹ̀!

"Mo gbé àgbò Iléyá yẹn," ó ní. "Èmi nìkan, láti ìdí èèkàn dé etí ihò tí wọ́n gbẹ́ fún ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, kí ẹ lè pàtẹ́wọ́. Ẹ sì pàtẹ́wọ́! Ibẹ̀ ni nǹkan ti já lábẹ́ mi. Nígbà tí ìpá yọ, ojú tì mí, mo ní dókítà ló fi ọ̀bẹ bà mí jẹ́. Wàláhì, irọ́ gbuu ni! Bàṣírù, tí wọ́n fẹ́ ṣe irú iṣẹ́ abẹ kan náà fún, gbọ́, ó fa káàdì ọsibítù rẹ̀ ya. Oṣù mẹ́jọ ló ti ń gbé rọ́bà ìtọ̀ kiri, ara rẹ̀ wá ń gbóná bí iná báyìí. Irọ́ mi ló dá a dùbúlẹ̀ síbẹ̀ yẹn."

Àfáà àgbà ní kó jókòó, kó tọrọ àforíjì lọ́dọ̀ Ọlọ́hun.

"Mi ò jókòó! Èmi àti Ọlọ́hun á yanjú tiwa. Ọkọ̀ wà níta, ẹ gbé e lọ sí ọsibítù!"

Hàúwà, ìyàwó Bàṣírù, bú sẹ́kún, ó kọjú sí Abdulhaleem. "Oṣù mẹ́jọ lẹ fi ń jẹ oúnjẹ mi, tí ẹ̀ ń wò ó bẹ́ẹ̀!"

Bàṣírù ló gbórí sókè lórí ẹní.

"Haleem, mo máa lọ. Ṣùgbọ́n ìwọ náà ò ní padà sílé. Ìpá tìẹ ńkọ́? Ọ̀bẹ tí o fi dẹ́rù bà mí, ìwọ ni kó o kọ́kọ́ lọ sùn sábẹ́ ẹ̀."

Ẹ̀rù ọ̀bẹ yẹn gan-an ló ń ba Abdulhaleem láti ọjọ́ yìí tí kò fi padà lọ bá dókítà, ẹnu lásán ló fi ń ṣe ọkùnrin.

"Ta ló ń sá?" ó ní. Kí wọ́n tó gbé Bàṣírù dé ẹnu ọ̀nà, ó ti jókòó sínú ọkọ̀.