N Kò Gbọ́ Ariwo Ọkọ̀ Nọ́ọ̀sì

Ẹ jókòó, ẹ̀yin ọmọ mi. Jẹ́jẹ́, àbúrò mi lẹ́nu iṣẹ́, ìwọ náà jókòó. Mo dúpẹ́ pé o wá, lẹ́yìn gbogbo ohun tí ojú rẹ rí. Dókítà ti sọ bí àìsàn yìí ṣe máa parí, ẹ ò sì fẹ́ kí n mọ̀, ṣùgbọ́n ojú lọ̀rọ̀ wà. N kò lè gbé àṣírí tó wà níkùn mi yìí wọ sàréè.

Gbogbo ìlú ló mọ̀ mí sí Elétí-Ajá. Bí ọkọ̀ bá ń pariwo tí àwọn mẹkáníìkì yòókù ò mọ ibi tó ti ń wá, èmi ni wọ́n ń gbé e wá bá. Màá fi orí irin gígùn kan ti ẹ́ńjìnnì, màá fi ìdí rẹ̀ ti etí, màá ní, "Ibí ni." N kì í tàsé, àfi ìgbà tí etí mi bẹ̀rẹ̀ sí í kú. Tọ̀tún ló kọ́kọ́ lọ, tòsì tẹ̀ lé e. Ìyá yín pàápàá ò mọ̀; ó rò pé ìgbéraga ni kì í jẹ́ kí n dáhùn. Ta ni yóò gbé ọkọ̀ wá fún Elétí-Ajá tó di adití?

Nọ́ọ̀sì tó gbẹ̀bí àbíkẹ́yìn mi ló gbé ọkọ̀ àtijọ́ tí bàbá rẹ̀ fi sílẹ̀ wá. Ó ní, "Ẹ gbà mí o, bàbá. Ó ń dún ko-ko-ko lábẹ́, àgàgà bí mo bá ń gun òkè." Mo gbé irin tì í, mo dijú bí ẹni tó ń gbọ́. N kò gbọ́ nǹkan kan. Àwọn èèyàn dúró tì mí, wọ́n ń wò mí lẹ́nu. Mo rẹ́rìn-ín, mo ní, "Arúgbó ọkọ̀ ni, ikọ́ ọjọ́ ogbó ló ń wú. Ẹ máa lọ."

Jẹ́jẹ́ fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ má jẹ́ ó lọ. Irin inú ẹ́ńjìnnì yẹn ti jẹ. Ó máa dákú mọ́ ọn lọ́wọ́." Ẹnu rẹ̀ ni mo wò tí mo fi mọ ohun tó sọ, mo sì mọ̀ pé òótọ́ ni. Àgbà òṣì ni mí! Mo yíjú sí Nọ́ọ̀sì, mo ní, "Ẹ má dá a lóhùn, iṣẹ́ ló ń wá."

Ọkọ̀ náà dákú lórí afárá. Tírélà tó ń bọ̀ lẹ́yìn ò ríbi yà sí. Nọ́ọ̀sì ò délé mọ́.

Ẹ rò pé ìyẹn ló burú jù? Ọkọ rẹ̀ wá sí ọgbà wa, ó ń sunkún, ó ní, "Ta ló fọwọ́ kan ọkọ̀ ìyàwó mi kẹ́yìn?" Mo na ìka sí Jẹ́jẹ́. Mo ní òun ló yọ́ tú ẹ́ńjìnnì náà nígbà tí mo kẹ́yìn sí i, tí kò sì dè é dáadáa. Wọ́n gbà mí gbọ́, nítorí Elétí-Ajá kì í ṣì í. Wọ́n lé e bí olè, ìyàwó rẹ̀ sì kó àwọn ọmọ lọ. Kò bú mi. Ó kàn ń sọ pé, "Èmi, ẹ̀gbọ́n? Ẹ̀gbọ́n, èmi?" Ẹnu rẹ̀ ni mo ti ka ìyẹn náà.

Ẹ̀yin ọmọ mi, bí ẹ ò bá mọ nǹkan, ẹ ní ẹ ò mọ̀ ọ́n. Ojú ìbá tì mí lọ́jọ́ náà, kí Nọ́ọ̀sì sì wà láàyè.

Jẹ́jẹ́, mo bẹ̀ ọ́, forí jì mí. Mo rí i pé ò ń sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n omi ti bo ojú mi, n kò rí ẹnu rẹ mọ́. Bóyá èpè ni, bóyá ìdáríjì ni. Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ má pa á lẹ́nu mọ́. Ẹ jẹ́ kó sọ ọ́ tán.