Kí Wọ́n Tó Dí Àjà

Nígbà tí ẹsẹ̀ mi ṣì ń gba àkàbà, ẹ̀yin ọmọ-ọmọ mi, a kì í dí àjà ilé kankan ní Ẹdẹ yìí tí ọ̀gá ò bá tíì fa wáyà wò. Ẹ gbọ́... mi ò ní kó tan iná wò o. Fífà ni! Ọ̀gá Làmídì tó kọ́ mi níṣẹ́ iná á gòkè, wọ́n á di wáyà mú níbi tó ti wọ inú agolo irin tí gílóòbù ń wà, wọ́n á fà á bí ẹni ń fa ewúrẹ́ olóríkunkun. Bó bá yẹ̀ pẹ́nrẹ́n, o ó tú u palẹ̀.

"Ẹnu irin ò láàánú." Ohun tí wọ́n máa ń wí nìyẹn. Ihò tí wọ́n lu sára agolo yẹn mú bí abẹ. Ìdí tí òrùka rọ́bà fi ń wà níbẹ̀ nìyẹn, kí irin má baà bó wáyà. A ó sì fi ìdìmú há wáyà mọ́ etí ihò, kó má mì. Nígbà tí òrùka rọ́bà ò sí lọ́jà ńkọ́? A ń gé rọ́bà inú taya kẹ̀kẹ́ ni. Mo bi wọ́n lọ́jọ́ kan pé, "Ọ̀gá, ta ló máa rí i lókè ibẹ̀?"

Wọ́n ní, "Iná á rí i."

Lónìí ńkọ́? Àwọn oníṣẹ́ iná ìsinsìnyí á ní ihò há, wọ́n á yọ rọ́bà dànù kí wáyà lè tètè wọlé.

Fọlákẹ́ ọmọ mi, ìyá yín... Nígbà tí wọ́n ń kọ́ ilé wọn lọ́nà Sẹ̀kọ́nà, àwọn iná tí wọ́n ń rì sínú àjà yìí ló wù ú. Mo ní kí n gòkè lọ fà á wò. Ó bú sẹ́rìn-ín. "Bàbá mi, ẹ fẹ́ já bọ́ mọ́ mi lọ́wọ́ ni? Ẹ jókòó, ẹ jẹun." Ìfẹ́ ló fi sọ ọ́. Ó gbé àkàbà kúrò.

Ìgbà ọyẹ́ ni irin bó wáyà já. Inú àjà ni iná ti ń jó, ta ni ì bá mọ̀? Ìyá yín ti jáde o! Ó tún padà wọlé lọ gbé àbúrò yín. Ó ti ọmọ jáde lójú fèrèsé. Òun ò jáde.

Ẹni tó yẹ kó sin mí ni mo sin.

Kúnlé, ìwọ àkọ́bí rẹ̀, mo gbọ́ pé irú iná yẹn náà lo ń rì sínú ilé rẹ tuntun. Má jẹ́ kí wọ́n dí àjà kí o tó fà á wò...

O ní kí ni?

Wọ́n ti dí i? Láàárọ̀ yìí? Tú u, ọmọ mi. Mo bẹ̀ ọ́, tú u.

...O ní ìyàwó rẹ ti ń kó ẹrù wọlé. O ní àjà náà funfun, ó rẹwà.

Hmm. Ti ìyá rẹ náà rẹwà.