Ohùn Bàbá Tó Wà Nínú Kọ̀ǹpútà

Ẹ̀yin ará, lọ́kùnrin lóbìnrin, àmánà ni ọ̀rọ̀ wa lónìí. Ẹ má rò pé owó nìkan ni wọ́n ń fi síkàáwọ́ ẹni o. Bí o bá gba kọ̀ǹpútà oníkọ̀ǹpútà láti tún un ṣe, ohun tó wà nínú rẹ̀, àmánà ni! Dà á kọ síbòmíràn kí o tó tú u. Ìwọ tó o sì ni ín, má fi ìfurasí ba tìẹ jẹ́. Ṣé ẹ ń gbọ́ mi?

Obìnrin kan wà ní Ìsẹ́yìn, Ráfátù lorúkọ rẹ̀. Àlùfáà ni bàbá rẹ̀, ó ti kú. Gbogbo tàfúsírì, ìtumọ̀ Àlùkùránì, tí bàbá ṣe nígbà ayé rẹ̀, inú kọ̀ǹpútà Ráfátù ló kù sí. Tó bá kírun aláàsárì tán, á gbé ohùn bàbá sí i, á jókòó tì í. Ṣùgbọ́n Ráfátù yìí! Bí o bá kí i lásán, á máa wò ó pé kí lo fẹ́ gbà lọ́wọ́ òun.

Ó dọjọ́ kan, kọ̀ǹpútà kò tàn mọ́. Ó gbé e lọ bá Múfútáù, ọmọkùnrin tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe lẹ́bàá mọ́ṣáláṣí.

Múfútáù ní, "Mọ́mì, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ da ohun tó wà níbẹ̀ kọ. Tó bá yíwọ́, a ó rí nǹkan dì mú."

Ráfátù wò ó lókè, ó wò ó nílẹ̀. Ó ní lọ́kàn ara rẹ̀ pé: Kí ló fẹ́ fi ohùn bàbá mi ṣe? Àbí ó fẹ́ máa tà á ni?

"Má da nǹkan kan kọ! Olè ni ẹ́, mo rí i lójú ẹ."

"Bí ẹ ò bá gbà, mọ́mì, mi ò ní fọwọ́ kàn án."

Ló bá gbé e lọ sọ́dọ̀ ẹlòmíràn. Ìyẹn ò béèrè ohunkóhun. Ọkàn Ráfátù balẹ̀: "Ẹni tí kì í tọpinpin nìyí!" Háà! Ó fura sí ẹni tó béèrè, ó fọkàn tán ẹni tí kò bìkítà.

Nígbà tó lọ gbà á, kọ̀ǹpútà tàn rekete. Ó wá ohùn bàbá títí, kò rí i. Ọkùnrin náà ní, "Mo nu gbogbo rẹ̀ nù ni kó lè ṣiṣẹ́. Ẹ ò kúkú sọ pé nǹkan wà níbẹ̀."

Ráfátù sáré padà sọ́dọ̀ Múfútáù. Àgbàlagbà obìnrin, ó kúnlẹ̀ fọ́mọdé.

"Ọmọ mi, nígbà tí mo yíjú síta lọ́jọ́ yẹn, o jí i dà kọ, àbí? Mi ò ní bínú. Ṣáà sọ pé o jí i."

Omi lé ròrò sójú Múfútáù. "Mọ́mì, ẹ dìde. Ẹ ní kí n má dà á kọ. Mi ò dà á kọ."

Ẹ̀yin èèyàn, ẹ rí i? Ó ń bẹ̀bẹ̀ pé kí ọmọlúàbí jẹ́ olè! Ọlọ́hun ní ká jìnnà sí ọ̀pọ̀ àbá dídá nípa ẹlòmíràn, pé ẹ̀ṣẹ̀ ni apá kan nínú rẹ̀. Ẹni tó nu ohun olóhun nù láìbéèrè ńkọ́, kí ni yóò wí lọ́jọ́ Àlùkìyámọ̀?

Kí Ọlọ́hun fún wa lọ́wọ́ tó ń ṣọ́ àmánà. Kó fọ ìfurasí kúrò lọ́kàn wa, kó tọ́ wa sọ́nà kí àbámọ̀ tó dé. Àmín.