Abọ́ Ọ̀tọ̀ Tí Mo Gbé fún Ẹ̀gbọ́n Mi

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka ìtàn mi yìí, abọ́ búlúù kan wà nílé mi ní Rippleside, nílùú òyìnbó níbí, tí mo fi ń jẹun lójoojúmọ́. Èmi nìkan náà ni mo ń lò ó. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ló ni abọ́ náà, àwọn ló pọ̀n mí dàgbà lẹ́yìn tí ìyá wa kú, èmi ni mo sì lé wọn lọ.

Ilẹ̀ Japan ni Bọ̀ọ̀dá ń gbé tẹ́lẹ̀, létí òkun. Lọ́jọ́ kan ilẹ̀ mì tìtì, òkun sì ya wọ̀lú. Omi náà ba àwọn ẹ̀rọ ilé iṣẹ́ iná átọ́míìkì tó wà nítòsí wọn jẹ́, ni ìtànṣán olóró tí wọ́n ń pè ní radiation bá ń tú jáde sínú afẹ́fẹ́, ìjọba sì kó gbogbo àdúgbò kúrò. Báàgì kan ṣoṣo ni Bọ̀ọ̀dá gbé. Nígbà tó yá, mo ní kí wọ́n máa bọ̀ lọ́dọ̀ mi. Ọjọ́ tí wọ́n dé ni wọ́n ti fi ìwé dókítà hàn mí. Èdè Japan ni, àwọn fúnra wọn ló túmọ̀ rẹ̀ fún mi pé wọ́n ti yẹ ara àwọn wò, kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Mo dúpẹ́, mo tọ́jú ìwé náà.

Lọ́jọ́ Àìkú, mo mú wọn lọ sí ìjọ aláṣọ funfun wa ní River Road. Lẹ́yìn ìsìn, aṣáájú àwa obìnrin pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

"Sister, kí ló ṣe Bọ̀ọ̀dá yín gan-an?"

"Radiation ni, Mummy. Gbogbo àwọn tó wà ní area yẹn, wọ́n ní wọ́n lè ti kó o."

Mi ò rí ọ̀rọ̀ mìíràn tí mo lè fi sọ ọ́ ju "kó" lọ ni. Ṣé ẹ̀yin náà mọ̀ pé ikọ́ ife là ń kó, kúrúnà là ń kó?

"Ṣé ó máa ń ràn ni?" Mummy ti sún sẹ́yìn díẹ̀.

Mi ò sọ pé bẹ́ẹ̀ ni, mi ò sọ pé bẹ́ẹ̀ kọ́. Ojú ń tì mí láti sọ pé mi ò mọ̀. Lọ́sẹ̀ kejì, kò sẹ́ni tó jókòó sórí bẹ́ǹṣì Bọ̀ọ̀dá, òkèèrè ni wọ́n ti ń juwọ́ sí wọn. Èyí tó burú jù ni pé ẹ̀rù wá ń ba èmi náà. Inú abọ́ kan náà la ti ń jẹun láti kékeré, síbẹ̀ mo lọ ra abọ́ búlúù, mo gbé e síwájú wọn.

"Tèmi nìkan lèyí?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà. Kó lè rọ̀ yín lọ́rùn ni."

Wọ́n rẹ́rìn-ín díẹ̀. Wọ́n jẹun tán, wọ́n fọ abọ́ náà, wọ́n nù ún gbẹ. Kí n tó ti ibiṣẹ́ dé lọ́jọ́ kejì, wọ́n ti kó lọ.

Beam Park ni wọ́n ń gbé báyìí, kò jìnnà. Bí mo bá pè wọ́n, wọ́n á ní àwọn dúpẹ́, ó parí. Lẹ́yìn tí wọ́n lọ ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ béèrè lọ́wọ́ nọ́ọ̀sì kan, ó ní kò lè ràn mí bí a bá jọ jẹun. Ìbéèrè kékeré yẹn ni mi ò bi ẹnikẹ́ni tẹ́lẹ̀.

Ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Mo fẹ́ bu oúnjẹ sínú abọ́ náà, kí n gbé e lọ sí Beam Park, kí n kúnlẹ̀, kí a jọ fọwọ́ bọ̀ ọ́. Ṣùgbọ́n ohun tó ń já mi láyà ni pé Bọ̀ọ̀dá lè gba oúnjẹ náà, kí wọ́n dìde, kí wọ́n sì rọra lọ mú abọ́ ọ̀tọ̀ wá fún èmi.