Òògùn Tí Mo Bà Lórúkọ Jẹ́ fún Ẹ̀gbọ́n Ọkọ Mi

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbọ́ mi. Ohun kan wà nínú mi tí mi ò sọ fún pásítọ̀ wa, tí mi ò sọ fún ọmọ mi. Mo gbọ́dọ̀ fún ẹnì kan lésì ní Ọjọ́rú tó ń bọ̀, ẹ̀mí rẹ̀ sì wà lórí èsì náà. Ìdí tí mo fi ń sọ ọ́ nìyẹn.

Tíṣà báyọ́lọ́jì ni mí ní Ẹdẹ. Nígbà tí ọkọ mi kú lójijì, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, Àǹtí Bọ́sẹ̀, dúró láàárín agbo ilé wọn ní Sekona, ó ní èmi ni mo pa á. Ó fi abẹ fá orí mi lójú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi tó wá kí mi. Ẹ̀jẹ̀ ń ṣàn wọ ojú mi, síbẹ̀ kò dáwọ́ abẹ dúró. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú pé mò ń pe àgbà ní "ó". Ẹnu mi ò gba "wọ́n" fún un mọ́.

Nígbà tó yá, jẹjẹrẹ ọmú mú un. Nítorí pé èmi ni mo ka sáyẹ́ǹsì nínú ẹbí, wọ́n bẹ̀ mí kí n máa bá a lọ sí ọsibítù. Mo gbà kíákíá. Wọ́n rò pé mo ti gbàgbé.

Dókítà ní oríṣi òògùn méjì ló wà. Ti tẹ́lẹ̀ máa ń mú irun re, ó sì lè ba ọkàn tó ń lù nínú àyà jẹ́. Èkejì, òògùn kan náà ni, àmọ́ wọ́n ti dì í sínú nǹkan róbótó kan tó kéré débi pé ojú ò lè rí i, tí wọ́n ń pè ní nánó. Inú rẹ̀ ni òògùn náà máa wà títí yóò fi dé ibi tí kókó jẹjẹrẹ náà wà, kò sì ní fi bẹ́ẹ̀ ṣe ọkàn níbi. Gbogbo rẹ̀ ló yé mi.

Nígbà tí a jáde, ó di ọwọ́ mi mú. "Ìyàwó wa, ìwọ lo kàwé. Èwo ni kí n gbà?"

Mo wo irun rẹ̀ tó dì ní ṣùkú. Mo ní, "Àǹtí, ẹ má gba nánó yẹn o. Kì í jáde lára mọ́. Ọpọlọ ló ń wọ̀ lọ. Ẹ lè má dá àwọn ọmọ yín mọ̀ mọ́."

Irọ́ ni. Mo mọ̀ pé irọ́ ni.

Dókítà bẹ̀ ẹ́ títí, ó kọ̀, ti tẹ́lẹ̀ ló gbà. Irun rẹ̀ re tán. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́: inú mi dùn. Mo máa ń gun ọ̀kadà lọ sí Sekona láti lọ wo orí náà lásán.

Irun nìkan ni mo fẹ́. Àmọ́ ọkàn rẹ̀ náà bà jẹ́. Tó bá rìn láti yàrá dé bàlùwẹ̀ báyìí, á jókòó sílẹ̀, á máa mí hẹlẹhẹlẹ.

Jẹjẹrẹ náà ti padà dé. Òògùn mìíràn tí wọ́n dì sínú nánó ló kù, Ọjọ́rú ni dókítà fẹ́ gbọ́ èsì. Lánàá, ó ránṣẹ́ pè mí. Ó fẹ́ kúnlẹ̀, kò lè ṣe é. Ó ní, "Dárí jì mí. Mo mọ̀ nígbà yẹn pé o ò pa àbúrò mi. Mo kàn ń wá ẹni tí màá dá lẹ́bi ni. Ohun tí o bá sọ nípa òògùn yìí ni màá ṣe."

Ó mọ̀! Ó mọ̀ nígbà tó gbé abẹ!

Tí mo bá ní kó gbà á, á bi mí pé ṣebí mo ní ó ń wọ ọpọlọ. Àwọn ọmọ rẹ̀ á gbọ́. Tí mo bá dákẹ́, á kọ̀ ọ́, á sì kú, kò sẹ́ni tó máa mọ̀.

Ẹ jọ̀ọ́, kí ni kí n ṣe? Ẹ tètè dá mi lóhùn. Nígbà tí mo jí láàárọ̀ yìí, dídákẹ́ ló wù mí.